Bẹ́líìtì Tí Kò Di Ẹnikẹ́ni Mú

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Èmi kò mọ̀wé. Kí ẹni tí ó ń kọ èyí kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kí ó má ṣe tún un ṣe. Aránṣọ ni ó ń kọ ọ́, ìyàwó ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì ní kí ó máa gbé ẹsẹ̀ sókè ní ìrọ̀lẹ́ nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bí búrẹ́dì tí a sọ sínú omi. Obìnrin tí kò lè jókòó láìfi ọwọ́ ṣe nǹkan! Mo ní ó dáa, mú bíírò, èmi yóò máa sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kò wọ́n lẹ́nu mi.

Ó ní ta ni yóò kà á. Mo ní kò sí. Bí mo bá kú, ẹ fi dáná.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lónìí nìyí. A ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn nínú pikọ́ọ̀pù Káfíńtà. Káfíńtà ni ọmọ mi, ọkọ Aránṣọ — ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni ó ń ṣe, pikọ́ọ̀pù ni ó fi ń kó wọn lọ fún àwọn tí ń kọ́lé. Òun ni ó ń wa ọkọ̀. Aránṣọ wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ìjókòó iwájú yẹn, tèmi ni tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ikùn Aránṣọ ti yọ ni wọ́n ti rọ̀ mí lóyè. Mi ò bínú. Mo bínú díẹ̀.

A ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tí ó dagun yẹn. Àgùntàn kan já sójú títì, ó dúró, ó ń wò wá bí ẹni tí ó ni ọ̀nà. Káfíńtà tẹ búréèkì. Bẹ́líìtì tí ó yẹ kí ó di Aránṣọ mú — ńṣe ni ó tú jáde wọ̀ọ̀, bí okùn kànga nígbà tí korobá bá ń já lọ sísàlẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ lu dáṣíbọ́ọ̀dù, gbà! Ikùn rẹ̀ kò kan nǹkan kan. Ìka méjì péré ni ó kù kí ó kàn án.

Oyún tí gbogbo ilé ti ń wojú Ọlọ́run fún láti ọjọ́ tí irun mi ṣì dúdú. Ìka méjì.

Àgùntàn bá tirẹ̀ lọ. Kókó wú sí iwájú orí ìyàwó bí ẹyin ẹyẹlé. Káfíńtà ń sọ pé, "Kò sí nǹkan, kò sí nǹkan." Mo ní nǹkan wà. Ọ̀sẹ̀ méjì sí òní ni Aránṣọ yóò tún lọ fara han nọ́ọ̀sì, ọ̀nà kan náà, òkè kan náà. Kò ní í fi bẹ́líìtì yẹn lọ. Mo ti sọ ọ́. Kọ ọ́ síbẹ̀.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Káfíńtà kò tètè lọ sí ṣọ́ọ̀bù. A ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀ gbayawu, àwa mẹ́ta yí i ká bí àwọn tí ó fẹ́ ra màlúù.

Ó kọ́kọ́ fa bẹ́líìtì jẹ́jẹ́. Ó ń bọ̀. Ó wá já a gbà lójijì — ó tún ń bọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí ó rí. Bí a bá fà á jẹ́jẹ́, kí ó tẹ̀lé wa; bí a bá fà á tipátipá, kí ó dúró gbagidi. Mo ní bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo ní èyí tí ìwọ ní kò gba ẹ̀kọ́.

Ìgbà tí ó tú jáde tán, kò padà mọ́. Ó rọ̀ síbẹ̀ bí ahọ́n ajá. Èmi ni mo rí péègì. Péègì aṣọ! Ti orí okùn tí mo ń sá aṣọ sí. Ó fi há bẹ́líìtì lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ó ti ń yọrí jáde. Mo bi í pé kí ni èyí. Ó ní àwọn tí òun ń gbé máa ń kùn pé ó ń fún àwọn láyà, òun bá fi péègì há a kí ó lè máa dẹ̀. Láti ìgbà wo? Ó ní ó ti pẹ́.

Mo ti fẹ̀sùn péègì yẹn kan gbogbo àdúgbò.

A yọ péègì. Bẹ́líìtì ká dé ìdajì, ó dúró, ó rẹ̀ ẹ́. Káfíńtà fi ọwọ́ gbá ilé rẹ̀ — ibi kótópó kan nísàlẹ̀ òpó ilẹ̀kùn, tí kẹ̀kẹ́ tí ń ká a wà nínú rẹ̀. Eruku pákó dà jáde bí iyọ̀. Aránṣọ ní, "Ẹ ò kúkú gbé gbogbo ṣọ́ọ̀bù yín wọnú ọkọ̀." Káfíńtà ní òun náà ń rí òwú nínú oúnjẹ òun, òun kò sọ̀rọ̀.


Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

A fọ̀ ọ́. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀. Àwọ̀ tí ó tú jáde, mi ò mọ orúkọ rẹ̀.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ó gbẹ. Ó ń padà sílé báyìí. Ó lè máa falẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ṣùgbọ́n ó ń dé. Bí ọkọ mi nígbà ayé rẹ̀.

Aránṣọ ní òun kò ní í kọ ìyẹn. Mo ní kọ ọ́, ó ti kú, kò lè gbọ́.

Àmọ́ bí a bá já a gbà, kò tíì di nǹkan kan mú. Àrùn kejì sì tún wà: irin pẹlẹbẹ tí ó wà lórí rẹ̀, tí mo ń pè ní ahọ́n, bí a bá kì í bọ ẹnu tí ó yẹ kí ó gbé e mì, ẹnu yóò tu ú jáde, bí ọmọ tí kò fẹ́ oògùn. Káfíńtà tan iná sí i. Ó ní nǹkan ń dán nínú ibẹ̀. Ó gba abẹ́rẹ́ gígùn lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ń tọ́ ọ títí, nǹkan kan ta jáde sílẹ̀.

Bọ́tìnì. Aláwọ̀ elésè àlùkò, olójú mẹ́rin.

Aránṣọ lọgun. Ó ní, "Bọ́tìnì ìyàwó tíṣà!" Obìnrin yẹn ni oníbàárà rẹ̀ tí kò kí i mọ́ láti ọdún tó kọjá, tí ó ń sọ káàkiri pé Aránṣọ jí bọ́tìnì kan nínú tòun. Ọkọ̀ yìí ni wọ́n fi gbé aṣọ náà lọ fún un! Aránṣọ fi bọ́tìnì sínú pálí ìṣáná, ó ní òun yóò fi ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú ìkíni. Mo ní fi bẹ́líìtì kún un.

Ẹnu gba ahọ́n báyìí. Ká! Ó dùn létí.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo lọ kí Eléyín. Ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré, ní òdìkejì òkè ni ó ń gbé. Eyín tí àwọn ọmọ rẹ̀ rà fún un ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ. Aránṣọ kò bá wa lọ, nítorí náà mo padà sórí oyè mi, níwájú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, èmi kì í de bẹ́líìtì. Mo kúrú. Ẹ̀gbẹ́ ọrùn mi ni ó ń gbà kọjá, ó ń rẹ́ mi bí ọ̀bẹ. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé bí a bá ti sún mọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní kọ́nà ìsàlẹ̀ òkè, n óò fà á wá sí àyà, n óò fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú síbi ìdí mi, n óò gbójú sókè bí ìyá ọba. A kọjá, mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é. Kò sí ẹni tí ó mú mi rí.

Ẹ̀ṣọ́ tí ó wà níbẹ̀ lónìí, ọmọbìnrin ni. Fìlà rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ó tẹ̀ ba lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ kú ọ̀nà o, Màmá. Ṣé ẹ ti de bẹ́líìtì?"

Mo ní, "O ò rí i ni?"

Ó ní, "Mo rí i, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọwọ́ yín sókè."

Mo ní ọwọ́ ń dùn mí. Ó ní kí n gbé èyí tí kò dùn mí. Mo gbé òsì. Ó ní èyí dáa, ó ku èkejì. Mo gbé e. Bẹ́líìtì sá wọlé lọ bí alángbá.

Ká ní a kò fọ̀ ọ́ ni! Ìgbà tí ó ṣì dọ̀tí, ì bá rọ̀ síbẹ̀, kò ní í tú àṣírí mi.

Mo rò pé yóò pariwo. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Màmá, èmi kọ́ lẹ máa forí sọ o." Ó sì ní ká máa lọ.

Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí a fi dé ilé Eléyín. Ó ròyìn fún un. Eléyín rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ fi bọ́ sínú ife.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Aránṣọ ní òun ti mọ ohun tí ó ń ṣe bẹ́líìtì. Ó tóbi ju ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lọ ni. Kí la sì ń ṣe fún aṣọ tí ó tóbi? À ń gbà á wọlé ni.

Káfíńtà gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ jáde, ó gbé e ka àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀. Aránṣọ jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ wíwú sórí táyà. Ó wọn ara rẹ̀, ó wọn ikùn, ó ṣẹ́ bẹ́líìtì po ní agbede méjì, ó sì fi òwú tí ó nípọn jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀ rán an, ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Ẹ wo ojú ìránṣọ! Ó tò bí eyín arẹwà. Lẹ́yìn náà ó fi àṣẹ́kù àrán aláwọ̀ búlúù rán àpò kékeré kan, ó ki fóòmù sínú rẹ̀, ó fi wọ̀ ọ́ níbi tí ó ti ń rẹ́ni lọ́rùn.

Mo ní bí ó ti yẹ kí wọ́n ṣe é láti ilé iṣẹ́ wá nìyí. Káfíńtà náà ní kò sí irú rẹ̀. Àwa mẹ́ta, orí wa pé.


Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

A fi ọkọ̀ yí àdúgbò ká ká lè gbà á wò. Ó fún Aránṣọ mọ́ra bí ẹ̀wù ìyàwó. Mo fọwọ́ pa àrán náà lẹ́ẹ̀mejì.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Kò-sí-wàhálà dé láti wo ọ́ìlì ọkọ̀. Mẹkáníìkì wa ni. Ohun tí ó máa ń sọ ni mo fi ń pè é. Ẹ́ńjìnnì lè já bọ́ sójú títì, yóò ní kò sí wàhálà.

Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó rí bẹ́líìtì. Ó wò ó. Ó jókòó sórí táyà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ tí ó kún fún ọ́ìlì nu ojú, ojú rẹ̀ dúdú.

Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni télọ̀ ọkọ̀ yìí?"

Aránṣọ ní, "Èmi ni. Kí ló ṣe é?"

Ó ní, "Kò ṣe nǹkan kan, ìyàwó wa. Ó rẹwà. Kò sí wàhálà. Ó kàn máa pa yín ni."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ méjèèjì lẹ́nu rẹ̀ ní èémí kan ṣoṣo.

Ó ní ibi tí a ṣẹ́ po ti nípọn, kò lè gba ihò rẹ̀ kọjá, nítorí náà kẹ̀kẹ́ inú kò rí i fà mọ́. Ó ní bí agbára bá dé, òwú ni yóò kọ́kọ́ lọ, ibi tí abẹ́rẹ́ sì ti lu ni bẹ́líìtì fúnra rẹ̀ yóò ti ya. Ó ní, "Aṣọ kọ́ ni bẹ́líìtì o."

Aránṣọ dìde. Ó ní ìránṣọ òun kì í tú, kí ó lọ béèrè. Ó ní òkú àti alààyè ń wọ aṣọ òun, kò sí èyí tí ó padà wá rojọ́.

Kò-sí-wàhálà kò bá a jiyàn. Ó ní kẹ̀kẹ́ tí ó ń ká a ti kú tẹ́lẹ̀, eyín tí ó yẹ kí ó fi di ara rẹ̀ mú ti jẹ tán, kò ní í padà síbẹ̀ mọ́. Ó tú bẹ́líìtì kúrò pátápátá. Ó so ìdí kan mọ́ igi ẹ̀yìnkùlé, ó so ìdí kejì mọ́ ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù. Ó ní kí Káfíńtà rọra sún síwájú.

Pá. Pá. Pá-pá-pá-pá. Òwú ń tú níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà bẹ́líìtì ya lójú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà, gẹ́gẹ́ bí ìwé tí a ti ṣẹ́ po.

Aránṣọ gbé ọwọ́ lé ikùn. Ó wọlé. Ó pẹ́ kí ó tó jáde, ó gbé omi tútù lọ́wọ́ fún Kò-sí-wàhálà. Ó ní, "Òwú yẹn ni kò dára." Ọkùnrin náà gba omi, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òwú ni.

Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà díẹ̀ sí i lónìí.

Ohun kan kù. Ó fọwọ́ kan nǹkan kan lókè lára òpó ilẹ̀kùn, níbi tí bẹ́líìtì ti ń sọ̀ wá sí èjìká. Ó ti lẹ̀ pa. Káfíńtà ni ó ti da ọ̀dà ilẹ̀kùn sí i. Ó fi òòlù kàn án pẹ́ẹ́, ó yọ̀ wá sísàlẹ̀. Ó ní ohun tí wọ́n fi ń bá gíga èèyàn mu nìyẹn, ẹni tó ga a tì í sókè, ẹni tó kúrú a fà á wálẹ̀.

Láti ọjọ́ tí a ti ra ọkọ̀ yìí, ọrùn mi ni mo ń bú.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Kò-sí-wàhálà gbé bẹ́líìtì mìíràn wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tú ọkọ̀ tà. Àlòkù ni. Ó ń dán. Ó ń fà, ó ń padà. Mo ní ẹ tètè dè é mọ́ ọn.

Aránṣọ ní kí ó mú un wá síbi ìmọ́lẹ̀. Ó na bẹ́líìtì sórí itan, ó fi ìka tọ etí rẹ̀ lọ bí ó ṣe ń ṣe tí ó bá ń ra aṣọ. Ó ní, "Wọ́n ti fa èyí kọjá agbára rẹ̀ rí. Ẹ wo etí rẹ̀, ó ń jó lọ jó bọ̀. Ẹ wo ojú ibí yìí, bó ṣe ń kọ mànà. Wíwọ́ ló wọ́ ọ, tó fi yọ́."

Mo bi Kò-sí-wàhálà pé inú ọkọ̀ wo ni ó ti tú u. Ó yí fìlà sódì. Ó ní ọkọ̀ kan ni, tó fara kan nǹkan díẹ̀.

Mo ní, "Kí ni nǹkan díẹ̀ náà?"

Ó ní, "Àfárá."

Aránṣọ ká a, ó fi lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Ó ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ fún ẹnìkan. Ẹ jẹ́ kó lọ sinmi."

Kò-sí-wàhálà wò ó títí. Ó ní, "Ìyàwó wa, níbo lẹ ti kọ́ṣẹ́?"

Ó ní, "Níbi tí wọ́n ti ń sọ pé aṣọ kọ́ ni bẹ́líìtì."

Hà! Mo pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká ní èmi nìkan ni, ǹ bá gbà á. Dídán ni mo rí.

Káfíńtà ti ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ta tuntun. Wọ́n ní yóò dé. Wọn ò ní yóò dé kí ọjọ́ ilé ìwòsàn tó pé.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Bí iwájú kò bá ní bẹ́líìtì, ẹ̀yìn ńkọ́? Ṣé a ti wò ó rí? A kò wò ó rí. Ìjókòó ẹ̀yìn ti gbé ẹnu àwọn bẹ́líìtì rẹ̀ mì. Káfíńtà tú u. Ohun tí a rí lábẹ́ rẹ̀: ìkọ́ ilẹ̀kùn, ṣíbí, ẹsẹ̀ bàtà mi kan tí mo ti torí rẹ̀ lé ajá aládùúgbò, pẹ́ńsùlù káfíńtà tó lè kún ìgò. Lẹ́yìn náà, ẹnu méjì. Èyí tí ó wà lẹ́yìn awakọ̀ mọ́ tónítóní. Èkejì ti fọ́, Káfíńtà ti gbé ìdì ìṣó lé e lórí rí.

A já èyí tí ó dáa gbà. Gán! Ó dúró. A tún já a. Gán! Mo ní ẹ wò ó, ọmọ tí a kọ́.

Aránṣọ gbìyànjú rẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì ti fi hàn òun: apá ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ gba orí ikùn, abẹ́ ikùn ni yóò gbà, lórí egungun ìbàdí, apá òkè yóò gba àárín ọmú, yóò gba ẹ̀gbẹ́ ikùn sọ̀ kalẹ̀. Òun tí ń gbé e lé orí ikùn tẹ́lẹ̀! Ìdí nìyẹn tí ó fi ń fún un tí ó sì ń fi ọwọ́ fà á dẹ̀. Mo ní ẹni tí ó bá ti pọnmọ rí mọ̀ pé ọ̀já ní ibi tí ó ń gbà. Kì í ṣe ibi tí ó bá wù ú.

Ó ní, "Èmi ò tíì pọn ọmọ rí, Màmá."

Mo ní, "Ìwọ ni wọ́n pọ̀n báyìí. Jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí tí ọmọ inú rẹ̀ fi ta á nípàá.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé, òun lẹ́yìn, nínú èyí tí ó dáa. Iwájú, òfo. Ìjókòó mi, kò sí ẹni tí yóò jókòó sí i. Káfíńtà ní, "Màmá, ẹ dúró sílé o, ẹ̀gbẹ́ kejì kò ní ẹnu." Mo ní ta ni yóò bá a gbé báàgì? Ó ní báàgì kò wúwo. Mo ní èmi náà kò wúwo. N óò fi ọwọ́ di tèmi mú.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Èmi Aránṣọ ni mo kọ èyí fúnra mi. Màmá ò sọ nǹkan kan lónìí. Wọ́n ti gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n ń sùn. Ara mi le. Ọmọ ń yí.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ta ni ó ní kí o kọ nǹkan sínú ìwé mi? Ó kà á fún mi. Ó dáa, fi sílẹ̀.

A ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Típà kan ń gòkè bọ̀, ó kó yanrìn. Táyà rẹ̀ kan yọ. Kò yára rárá. Ó ń yí bọ̀ wá bá wa bí ẹni tí a rán níṣẹ́. Káfíńtà tẹ búréèkì, ó yí ọwọ́ ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Táyà kọjá. Àwa forí sọ ebè erùpẹ̀ etí títì.

Aránṣọ: gán! Mo gbọ́ ọ. Ó dì í mú lójú ẹsẹ̀. Àmì rẹ̀ wà ní èjìká rẹ̀ báyìí, ó pọ́n, ó fẹ̀ bí ọ̀já. Kò sí òmíràn. Nọ́ọ̀sì gbé nǹkan lé ikùn rẹ̀, ó ní kí n gbọ́. Ọkàn ọmọ náà ń sáré bí ẹṣin tí kò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Èmi. Mo di bẹ́líìtì mú, mo dì í mú dáadáa. Bẹ́líìtì ni kò dì mí mú. Mo fò lọ bá ẹ̀yìn ìjókòó iwájú, ọwọ́ mi ni ó ṣáájú mi débẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún kán. Mo gbọ́ ìyẹn náà.

Ọ̀kan tún wà. A ti gbé páálí ìkọ́ ilẹ̀kùn sórí ìjókòó iwájú tí ó ṣófo. Nígbà tí gbogbo nǹkan dákẹ́, páálí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti gba gíláàsì iwájú jáde, ó wà lórí erùpẹ̀. Ihò náà tóbi tó orí ènìyàn.

Káfíńtà wo ihò yẹn. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní etí títì, ó fa péègì aṣọ mi jáde nínú àpò — mi ò mọ̀ pé ó ṣì ń gbé e kiri — ó jù ú sínú igbó.

Péègì tí ó dáa.

Ọmọbìnrin onífìlà ńlá ni ó kọ́kọ́ sáré dé ọ̀dọ̀ wa. Ó wo bẹ́líìtì tí ó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wo ọwọ́ mi. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi gbé ọwọ́ náà ró, ó sì ń mú mi rìn jẹ́jẹ́. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ìyẹn dùn mí ju ọwọ́ lọ.


Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Wọ́n ti da nǹkan funfun bo ọwọ́ mi, ó le bí òkúta. Eléyín wá kí mi. Ó kàn án kó-kó-kó, ó ní, "Wọ́n ti rẹ́ ọ bí ògiri. Ó ku ọ̀dà."

Mo ní kí ó pa ẹnu mọ́.

Ó ní, "Ọwọ́ wo ni?"

Mo ní ọ̀tún.

Ó ní, "Èyí tí o fi ń di bẹ́líìtì mú?"

Mo ní òun ni. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ di eyín rẹ̀ mú kí ó tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ gidi. Àwa méjèèjì rín in, ọwọ́ ń ro mí, mo ṣì ń rín in.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Òjò. Aránṣọ bá mi wẹ̀. Ẹni tí ó yẹ kí n máa bá wẹ̀. Mo ní kí ó rọra, ọrùn mi kì í ṣe ìkòkò.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Bẹ́líìtì tuntun dé, ti iwájú àti ẹnu kan fún ẹ̀yìn. Gíláàsì náà dé. Kò-sí-wàhálà ṣe é láti àárọ̀. Káfíńtà gbá inú ọkọ̀ mọ́ fúnra rẹ̀, ó sì ní kí Aránṣọ rán àpò kan, kí òun lè máa fi bo ilé bẹ́líìtì lọ́jọ́ tí ó bá kó pákó. Aránṣọ ní, "Ṣé kí n fi àrán rán an?" Ó ní kó fi ohunkóhun tó bá wù ú rán an, kí ó má ṣáà rán an mọ́ bẹ́líìtì.

A já gbogbo wọn gbà níkọ̀ọ̀kan. Gán. Gán. Gán. Kò-sí-wàhálà nu ọwọ́. Ó ní, "Màmá, kò sí wàhálà." Mo gbà á gbọ́ lónìí.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo lọ kí Eléyín. Aránṣọ ní òun ń bá wa lọ, ara òun kò gba ilé. Ó wọ ẹ̀yìn, ó gbé ìsàlẹ̀ gba abẹ́ ikùn, ó gbé òkè gba ẹ̀gbẹ́, ká! Ó ní òun fẹ́ràn ẹ̀yìn, kí n padà sórí oyè mi.

Mo gòkè. Káfíńtà na ọwọ́ láti bá mi dè é. Mo ní kí ó yẹra. Mo fi òsì fà á jẹ́jẹ́, ó tẹ̀lé mi. Ó gba èjìká mi kọjá, kò kan ọrùn. Wíwá ẹnu rẹ̀ pẹ́ díẹ̀, àwọn méjèèjì ń wò mí. Ahọ́n wọ ẹnu. Ká.

Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Ó há mi díẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

A sọ̀ kalẹ̀. Ní kọ́nà, ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀, ó ti ra fìlà tó bá orí rẹ̀ mu. Ó tẹ̀ ba lójú fèrèsé. Ó ní, "Ẹ kú ọ̀nà o, Màmá. Ṣé ẹ —"

Kò tíì sọ ọ́ tán tí mo fi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, èyí tí ó pé àti èyí tí wọ́n rẹ́. Bẹ́líìtì kò lọ sí ibì kankan.